Bí A Ṣe Ń La Igbó Lójú

O ti jogún igbó. Má bara jẹ́, ó ní àtúnṣe. Tẹ̀lé ìlànà méje yìí ní ẹsẹẹsẹ, má sì fo ọ̀kankan.

1. Pè é ní igbó lásán. Má bi àgbà kankan léèrè orúkọ igi tó wà níbẹ̀. Igi tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣòroó gé. Bí bàbá arúgbó kan bá fi ọ̀pá tọ́ka, tó ní, "Akòko nìyẹn, ewé rẹ̀ la fi ń joyè," yára dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọjọ́ oyè, a ó rà á lọ́jà."

2. Ọ̀dọ̀ ìrókò ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀rù Olúwéré, iwin inú rẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án láìṣètùtù. Ìwọ ti lajú, ẹ̀rọ agégi kò sì mọ Olúwéré. Ta gẹdú náà lówó pọ́ọ́kú, kó o wá fi owó gọbọi ra ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fi ṣe.

3. Lé àdán. Ìrókò kan tó bá ṣẹ́ kù lè bímọ bí o kò bá ṣọ́ra. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru, òun náà ló ń ya kóró rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ káàkiri. Òṣìṣẹ́ tó ń gbin igi láìgba owó oṣù, kò ṣeé fọkàn tán. Dá wọn dúró. Wọ́n ti dorí kodò wo ìṣe ẹyẹ tó.

4. Bó èèpo ahùn. Ibà wà nílùú, àwọn eléwé ọmọ gbọ́dọ̀ rí nǹkan tà. Ṣùgbọ́n má ṣe bí àwọn àgbà tó ń bó ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kó jinná. Bó o yíká, má ṣẹ́ ku ibì kankan. Inú èèpo ni oúnjẹ ń gbà láti ewé lọ sí gbòǹgbò. Bí ọ̀nà bá já, ebi á pa gbòǹgbò, igi á kú lóòró, o ò sì ní sanwó agégi. Ní ti ibà ọdún tó ń bọ̀, kó yáa má wá.

5. Gbin igi tó gbayì. Ra igi ṣoṣoro tí wọ́n ń pè ní "masquerade", ọmọ Íńdíà, kó o tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Má bẹ̀rù ohun tó lè bá irúgbìn àjèjì rìn. Ní nǹkan bí ọdún 1937, wọ́n kó irúgbìn igi Gmelina láti Sri Lanka wá sí apá Ẹnúgu, kóró koríko kan sì bá a wọlé. Òun là ń pè ní ewé Akíntọ́lá lónìí. Ta ló ń gbìn ín? Ibo ni kò sí?

6. Fi òdòdó sí odò. Wá ewéko ojú omi tó ń jẹ́ water hyacinth. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí wọ́n gbé e yí ayé ká. Láti nǹkan bí ọdún 1984 ló ti gba ìhà orílẹ̀-èdè Benin wọ omi Èkó, tí ọkọ̀ kò sì ráyè kọjá mọ́. Ju ìdì kan sómi. Bí apẹja bá pariwo, sọ fún un pé ọgbà ló dé.

7. Ṣe ayẹyẹ ìgbin-igi. Ooru ti ń mú báyìí, àgbàrá sì ti ń wọlé, ìlú gbọ́dọ̀ rí i pé ò ń ṣe nǹkan. Pe oníròyìn, rán ankárá, gbin igi kan, ya fọ́tò. Omi tó bá wà níbẹ̀, àlejò pàtàkì ni kó mu ún. Lẹ́ẹ̀mọ́dún, gbin òmíràn sínú ihò kan náà. O ti yọ owó ihò kúrò nínú ìnáwó.

Iṣẹ́ parí. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, kó àwọn ọmọ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Hẹ́kítà 75 ni. Èèwọ̀ ni igi gígé, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa níbẹ̀. San owó ìwọlé, kẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ ibòji. Kó o tó máa lọ, fa alábòójútó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o gbà á nímọ̀ràn: ibẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n ó ṣú jù. Intalọ́ọ̀kì díẹ̀ ló kù.