Kábíyèsí Dumyat, Ọba Òkè Kúkúrú

Dumyat, mo kí ọ!
Dumyat, mo tún ọ kí!
Mítà 418 péré, àgbà òkè!
Kúkúrú tí í gba èémí lẹ́nu ọmọ gíga!
Ọba tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn ọba,
Tí gbogbo ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń dọ̀bálẹ̀:
Àwọn kan fínnúfíndọ̀, ẹrẹ̀ ló gbé àwọn yòókù ṣubú.
Kí ọlá rẹ pẹ́, kí àbàtà rẹ má gbẹ!

Ẹ̀yin ará Stirling ní Scotland, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ki òkè ni wọ́n ti bí mi. Àwọn Ẹ̀gbá ń ki Olúmọ, torí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n forí pamọ́ sí nígbà ogun. Àwọn ará Ìbàdàn ń bọ Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún, torí wọ́n ní òkè ló dáàbò bò wọ́n. Òkè tó bá gbani là ni à ń ki. Dumyat, oore wo lo ṣe èmi? O rẹ ìbọ̀sẹ̀ mi, o já fìlà gbà lórí mi, o wọ́n yìnyín sí oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n akígbe kì í bínú ọlọ́lá. Bí ọlọ́lá gbá a létí, á ní ọwọ́ ọba mà tutù o. Ẹ bùn mí láyè, kí n ki ọba yìí dé gbòǹgbò.

Ọmọ iná abẹ́ ilẹ̀,
Ọmọ òkúta yíyọ́ tó tutù tán tó di olóríkunkun,
Ọmọ Ochil, ará ẹnu ọ̀nà òjò!

Ìdílé ńlá ni ìdílé àwọn òkè Ochil. Ní nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, iná tú láti abẹ́ ilẹ̀, ó pọ òkúta gbígbóná jáde, òkúta tutù, ó sì gbára jọ. Nígbà tó yá, ilẹ̀ là ní ìhà gúúsù. Apá kan rì, apá kan dúró. Apá tó dúró ni ilé yín, apá tó rì ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Forth. Ben Cleuch ni olórí ilé, mítà 721. Ìwọ, ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n yọ ilé fún ọ sí, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Òjò tó bá ń ti òkun Atlantic bọ̀, o wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbà á lálejò nínú ẹbí. O kì í sì í jẹ́ kó kọjá láì jẹun.

Wọ́n ní o kò ga. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ní ọdún 1891, Sir Hugh Munro kó orúkọ àwọn òkè Scotland tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ, ìyẹn mítà 914, sínú ìwé kan. Lónìí, 282 ni wọ́n. Àwọn èèyàn ń ná gbogbo ìsinmi wọn lórí gígun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi bírò fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ èyí tí wọ́n bá gùn tán. Munro fúnra rẹ̀ kú ní 1919, kò gun gbogbo wọn tán. Wọ́n tún wá ṣe ìwé fún àwọn tó kù díẹ̀ káàtó: àwọn Corbett láti ẹsẹ̀ bàtà 2,500, àwọn Graham láti nǹkan bí 2,000. Ìwọ, ẹsẹ̀ bàtà 1,371. Wọ́n pe ìwé kìíní, o ò sí níbẹ̀. Wọ́n pe ìkejì, wọn ò dá ọ mọ̀. Wọ́n pe ìkẹta, akọ̀wé ní ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ìwọ tí o jókòó lé Yunifásítì Stirling lórí,
Tí o kò kàwé, tí o kò gboyè,
Tí o sì ń dán ọ̀mọ̀wé wò lọ́sàn-án gangan.
Ọ̀jọ̀gbọ́n gòkè rẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
Gírámà tán, ó ku “yéè!”

Ojú ọjọ́ rẹ ni mo fẹ́ kì jù. Láti ojú ọ̀nà Sheriffmuir, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, oòrùn ràn, ẹyẹ ń ké, fóònù wa sì búra pé oòrùn ló máa wà títí di ìrọ̀lẹ́. A bọ́ ẹ̀wù òjò, a so ó mọ́ ìdí. A ò tíì rìn dé ibi tí koríko ti ga dé orúnkún tí kùrukùru fi ti orí rẹ sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa. Òjò wínníwínní tẹ̀ lé e, irú èyí tí kì í rọ̀ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọ etí. A wọ ẹ̀wù padà, oòrùn yọ. A bọ́ ọ, atẹ́gùn dé. Egúngún onídán ni ọ́, tí ń pààrọ̀ aṣọ lójú agbo; ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa òǹwòran ni ò ń mú pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ kú oòrùn, a ò tíì sọ ọ́ tán.
Ẹ kú kùrukùru, a ò tíì pa ẹnu dé.
Ẹ kú òjò, ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú yìnyín,
Ẹ kú oòrùn padà!
Ìkíni tán lẹ́nu ọmọ Yorùbá,
Ojú ọjọ́ Dumyat kò tán.

Àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ ń gbèjà rẹ. Wọ́n ní atẹ́gùn tó ti orí òkun gbé omi bọ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà nígbà tó bá kan òkè. Ó gbọ́dọ̀ gun òkè. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ a sì di ìkuukùu. Wọ́n ní bí èèyàn bá gun mítà 1,000, ooru á fi nǹkan bí 6.5°C dín kù. Ó dáa, mo ti ṣe ìṣirò rẹ. Otútù tó tọ́ sí òkè tó ga tó ọ kò tó 3°C. Ta ló wá rán ọ níṣẹ́ pé kí o fi atẹ́gùn kún un títí etí mi fi kú? Àmọ́ kí n má purọ́ mọ́ ọba: atẹ́gùn yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí kàntíkàntí ráyè jókòó lórí rẹ. Ní àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Scotland, tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kàntíkàntí á bo èèyàn lójú, wọ́n á máa mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́. Lọ́dọ̀ rẹ, atẹ́gùn ti gbá wọn lọ kí wọ́n tó yan ẹni tí wọ́n máa jẹ. Ìkà méjì kì í jọba láàfin kan.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní 1823, Charles Macintosh, ará Glasgow, gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ tí omi kò lè gbà kọjá. Ó yọ́ rọ́bà, ó tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹni tí òjò kò na rí kò lè ronú kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ lẹ fi ẹgba kọ́ ará Glasgow lọ́gbọ́n, títí dòní kò sì sẹ́ni tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Àbàtà rẹ ńkọ́? Ó tẹ́ ewéko tútù bolẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ní ká máa bọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, ilẹ̀ gbé e mì dé orúnkún. Nígbà tí mo fà á jáde, ó dún “pọ̀ọ́!”, omi dúdú sì ń ṣàn jáde lójú okùn bàtà. Àgùntàn mẹ́ta tó wà nítòsí dẹ́kun jíjẹ, wọ́n wò mí, wọ́n tún padà sídìí koríko wọn. Àwọn ìjòyè rẹ nìyẹn: wọn kì í ṣe pẹ̀lẹ́, wọn kì í bá ni kẹ́dùn.

Àmọ́ mi ò ní ráhùn, torí èmi kọ́ ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹrẹ̀ ilẹ̀ yìí fojú rẹ̀ rí nǹkan. Septimius Severus, ọba ńlá Róòmù tí wọ́n bí ní Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà, kó ogun wá sí Britain ní ọdún 208. Àwọn ẹ̀yà Maeatae wà lára àwọn tó wá bá jà, àwọn ni wọ́n sì máa ń so àwókù odi àtijọ́ tó wà léjìká rẹ mọ́. Òpìtàn Cassius Dio kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi àti àbàtà fojú ọmọ ogun Róòmù gbolẹ̀. Severus kú ní York ní ọdún 211, kò rí ilẹ̀ náà gbà tán. Dumyat, ṣé ò ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Bóyá ìwọ náà gba èèyàn là lọ́jọ́ ogun. Tó bá jẹ́ ilé wa lo wà ni, wọ́n ì bá ti máa pa ewúrẹ́ fún ọ lọ́dọọdún.

Òkè-ń-bẹ-lẹ́yìn-òkè!
Mo ní mo ti dé, ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.
Mo gun èyí tán, òmíràn yọrí;
Mo gun òmíràn, bàbá rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn.
Aládé tí í rán ẹrú jáde mẹ́ta
Kí ọba gan-an tó yọjú!

Ọba yọjú ṣá. Agbọ̀n irin kan tó kún fún òkúta ló dúró lórí rẹ ní adé, òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun Argyll and Sutherland Highlanders sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀yìn agbọ̀n yẹn là ń sá sí fún atẹ́gùn. Mo jókòó, mo ṣí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù mi, èéfín ń rú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣíbí kan dòdò ni yìnyín bá bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lára ìdérí, ó ń bọ́ sáàárín ìrẹsì, funfun lórí pupa. Kí n tó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó ti di omi ọbẹ̀. Ìyá àgbà kan kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo èmi, ó ní ọjọ́ òní mà dára o. Mo dáhùn pé ó dára, mà. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn èèyàn tó jẹ́ pé nísàlẹ̀, a lè jọ dúró de bọ́ọ̀sì fún ìdajì wákàtí láì kí ara wa, gbogbo wọn ló ń kíni lórí rẹ. Ẹni tó ń gòkè ń kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọdé ń kí àgbà. Òfin ọdún 2003 lórí ilẹ̀ Scotland sì ti fún olówó àti tálákà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn lórí òkè, bí wọn kò bá ṣáà ti ba nǹkan jẹ́. Kò sí ẹnubodè, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọba tí ààfin rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, tó ń kọ́ aráàlú ní ìkíni!

Bí mo ti ń sọ ìyẹn lọ́wọ́ ni ìkuukùu ká. Odò Forth lọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ kọjá lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilé-ìṣọ́ Wallace, tí wọ́n kọ́ parí ní 1869 ní ìrántí ọkùnrin tó ṣẹ́gun ní afárá Stirling lọ́dún 1297, ga tó mítà 67. Ní ìgboro, a máa ń na ọrùn ká tó rí ṣóńṣó rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ, àtàrí rẹ̀ là ń wò. Mo fa fóònù yọ kí n ya fọ́tò. Kí n tó nu omi ojú rẹ̀ tán, o ti fa aṣọ bojú.

Ó tó báyìí. Mo ti kì ọ́ dé ìdílé, dé adé, dé ẹrẹ̀. Owó ìkíni ló kù. N kò béèrè aṣọ, n kò béèrè ẹṣin. Oòrùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ ni mo fẹ́, ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n jẹun tán kí òjò tó dé. Bí o bá kọ̀, ọ̀dọ̀ Arthur's Seat ní Edinburgh ni mo ń kó oríkì yìí lọ. Mítà 251 ni tirẹ̀, kò tó ọ ga, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé oúnjẹ sì wà nítòsí. Rò ó dáadáa, Kábíyèsí. Òkè pọ̀ ní Scotland. Akígbe tó ń fi Yorùbá ki òkè ni kò pọ̀.