Màmá Mélòó Ló Kú?

Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá kì í ṣìṣe nínú rẹ̀. Kò kọ ọ́, kò sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ẹni tó gbọ́ díẹ̀, tó wá rò pé òun gbọ́ tán, ni Gẹ̀ẹ́sì ń rí mú. Mo gba A1 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, àdúgbò wa ní Báríga sì mọ̀ ọ́n, nítorí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Bí lẹ́tà kan bá ti le, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kàn: ìwé ẹ̀bẹ̀ sí lándílọ́ọ̀dù, ìwé ìwáṣẹ́, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyìn rẹ̀ ni mo ń jẹ.

Ti Kábíyèsí ló ṣáájú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ pe ọba kan síbi ìkówójọ, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìpè náà. Mo jókòó tì í. Mo ní "you" tí a fi ń pe ọmọ tó ń ta ẹ̀pà, ṣé òun náà la máa fi pe ọba? Mo wá rántí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kí ni wọ́n fi ń pe Ọlọ́run níbẹ̀? "Thou." Ó parí. Ohun tó bá tó Ọlọ́run í pè, ó tó Kábíyèsí. Mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́: "We humbly beg that thou shouldst grace the occasion with thy royal presence." Mo kà á sókè fún ìyàwó mi. Ó ní bí ohùn bíṣọ́ọ̀bù ló rí. Orí mi wú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé e lọ fún bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, pé kí wọ́n bá wa wò ó. Bàbá kà á, wọ́n bọ́ jígí, wọ́n nu ún, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni Kábíyèsí ṣe fún ọ tí o fi ń pè wọ́n ní ìwọ?"

Mo ní, "Rárá, sà. 'Thou' ni mo pè wọ́n."

Wọ́n ní, "Òun náà ni mò ń wí."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" rí, bíi tiwa gẹ́lẹ́. "Thou" ni ìwọ: òun ni wọ́n fi ń pe ọmọ, ọ̀rẹ́, ìránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà. "You" ni ẹ̀yin, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó tó di ti àgbà àti ọlọ́lá. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ìwọ mọ́, ni gbogbo ayé bá di ẹ̀yin, títí kan ajá. Nígbà tí Bíbélì King James fi máa jáde ní 1611, "thou" ti ń kúrò lẹ́nu aráyé, ṣùgbọ́n àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe fi pe Ọlọ́run náà ni wọ́n fi pe Sátánì. Bàbá ní ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ẹlẹ́sìn Quaker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yarí pé "thou" làwọn máa pe gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe adájọ́, ìyà gidi sì jẹ wọ́n lórí ẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ, ṣé ara rẹ gba pàṣán?"

A tún lẹ́tà kọ. Kábíyèsí wá, wọ́n jẹun, wọ́n náwó. Wọn ò mọ̀ pé díẹ̀ ló kù ká kó wọn mọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀.

Ó yẹ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá ilé kejì wa kú, ẹni ọdún 88. Dáódù wọn, tó ń gbé ní London, pè mí lórí fóònù: "Àbúrò, ìwọ lo máa kọ ìtàn ayé Màmá. Gẹ̀ẹ́sì tó gbámúṣé o, àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ "Mama", ọwọ́ mi sì dúró. Ohun tó kàn ni "she". Màmá yìí fún mi lẹ́kọ gbígbóná mu nígbà tí ibà dá mi wó. Màmá yìí ti fi pàṣán lé mi dé ojú títì. N wá máa wí pé "she" báyìí, "she" báyìí, bí ìgbà tí mò ń sọ pé ó jẹ, ó mu, ó kú? Ẹnu mi gbà á, ọwọ́ mi kọ̀. Ni mo bá fi ọ̀wọ̀ sí i: "Mama were born in 1935. They did not go to school. They married Papa in 1954 and they had seven children." Bí mo ṣe ń kà á, Yorùbá ló ń dún létí mi: wọ́n bí wọn ní 1935, wọn ò lọ sílé ìwé, wọ́n bí ọmọ méje. Kò sí ibi tó kù sí. Mo fi ránṣẹ́ sí London.

Ẹ̀gbọ́n pè mí ní ọjọ́ kejì. "Àbúrò, Màmá mélòó ló kú?"

Mo ní kò yé mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ló kà á, tó ń béèrè bóyá ìbejì ni Màmá àgbà. Wọ́n ti ka "they" 44 nínú ojú ìwé mẹ́ta.

Mo fẹ́ jà á. Mo ní Shakespeare lo "they" fún ẹnì kan, Jane Austen lò ó, àwọn Merriam-Webster tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè l'Ámẹ́ríkà sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún ní 2019. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí Shakespeare kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣé o ò mọ Màmá ni?"

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, atẹ̀wé ní Ṣómólú sì ní bí iṣẹ́ kò bá dé ọwọ́ òun lálẹ́ yẹn, kí n má wá wò ó ní ọjọ́ Sátidé. Ta ló fẹ́ máa wá "they" 44 lọ́kọ̀ọ̀kan? Kọ̀ǹpútà ní ibi kan tí a ti lè pàṣẹ fún un pé gbogbo ibi tó bá ti rí ọ̀rọ̀ kan, kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ní kó mú "they", kó fi "he" sí i. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ "he". Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ: "ó" kan náà la ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti mọ́tò.

Kọ̀ǹpútà ṣe é. Mo kà á, mo rí i pé Màmá ti di ọkùnrin tó bí ọmọ méje. Kíá, mo tún pàṣẹ: ibi tí o bá ti rí "he", fi "she" sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń sọ fún un pé odidi ọ̀rọ̀ nìkan ni kó mú. Èmi kò sọ. Ó ní òun ti pààrọ̀ igba ó lé díẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé iye yẹn pọ̀ díẹ̀ fún 44, ṣùgbọ́n oorun ti ń kùn mí. Mo fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ó tẹ 500.

"He" wà nínú "mother". Ó wà nínú "father", ó wà nínú "when", ó wà nínú "their". Ó wà nínú "the", Gẹ̀ẹ́sì ò sì lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó má kọsẹ̀ lára "the".

Ọmọ-ọmọ Màmá kan ló ka ìtàn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ dáadáa, ó gun orí pẹpẹ, ó ṣí ìwé: "Tshe life of our dear motsher." Ó dúró. Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú. Ó tún un gbìyànjú, ó pa ahọ́n rẹ̀ mọ́ eyín: "Tí-ṣí... mọ́-tí-ṣà... wí-ṣẹ́ẹ̀n..." Ìjọ tó máa ń fi èdè àjèjì gbàdúrà ni. Bàbá kan níwájú na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe "Halelúyà!" Àwọn kan gbè é. Ọmọ náà rí i pé wọ́n ń gbè é, ni ó bá ń kà á lọ kíkankíkan. Èmi ti wà lábẹ́ àga, mò ń wá nǹkan tí kò sọnù.

N ò tíì sọ ti "notorious". Mo fẹ́ sọ pé gbajúmọ̀ ni Màmá nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, mo wá rò pé "famous" kéré, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo wá èyí tó wúwo jù ú lọ. "Notorious" wúwo lóòótọ́: gbajúmọ̀ adigunjalè ni wọ́n ń fi pè. Àwọn ìyá ìjọ kà á, wọ́n ń wo ara wọn.

Ti bíṣọ́ọ̀bù ló wá kẹ́yìn, ní ojú ìwé ìdúpẹ́: "We thank Papa's surviving wives, the Bishop and the Council Chairman." Lójú tèmi, ọ̀nà mẹ́ta ni mo dúpẹ́ sí. Lójú ẹni tó ń kà á, opó méjì ni Bàbá fi sílẹ̀, wọ́n sì ti dárúkọ wọn. Kọ́mà kan ṣoṣo ló kù, ṣáájú "and", èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Oxford pè nítorí pé ilé ìtẹ̀wé yunifásítì Oxford kì í fi í ṣeré. Bíṣọ́ọ̀bù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni mo wọlé bàbá yín?" Alága káńsù kò tilẹ̀ pè mí. Ó kàn ń wò mí ni.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ Oakhurst Dairy tu ara mi nínú. Ní ìpínlẹ̀ Maine l'Ámẹ́ríkà, òfin to àwọn iṣẹ́ tí kò ní owó àfikún àkókò kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi kọ́mà ya èyí tó kẹ́yìn sọ́tọ̀. Kò wá yéni bóyá ìpín ọjà kiri jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀, tàbí dídì ọjà tí wọ́n fẹ́ pín ni wọ́n ń wí. Àwọn awakọ̀ tó ń pín wàrà gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ dá wọn láre ní 2017, ilé iṣẹ́ náà sì gbà ní 2018 láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Tèmi, bíṣọ́ọ̀bù kan àti alága káńsù kan péré ni mo sọ di opó.

Ẹ̀gbọ́n kò bínú púpọ̀. Nígbà tí ìrántí ọdún kan kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún pè mí. "Màmá fúnra wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ ọ́ ní Yorùbá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò sí "he", kò sí "she", "wọ́n" ni wọ́n. Mo kọ ọ́ dánmọ́rán, mo fi àmì sí orí àti abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ. Níbì kan, mo kọ ọ́ pé ọkọ Màmá gbajúmọ̀ ní gbogbo ìlú.

Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò mọ àmì. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tí mo dé Ṣómólú, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti jókòó yí ìwé náà ká, wọ́n ń di ikùn mú. "Oko Mama gbajumo ni gbogbo ilu." Ọlọ́kàn mímọ́ á kà á sí oko tí à ń ro. Kò sí ọlọ́kàn mímọ́ kan nínú àwọn ọmọ náà.

Mo ra bírò dúdú méjì. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi àmì sábẹ́ "o" lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà 200 ni. Mo dé orí ìkọkànlélọ́gọ́ta nígbà tí bírò àkọ́kọ́ gbẹ.