Ahọ́n Kì í Ṣe Mítà

Kò ju ṣíbí méjì lọ tí ẹni tó ń pọntí nílé máa bù láti wọn kíkan ọkà híhù tí wọ́n pò mọ́ omi gbígbóná. Iye tí wọ́n ń pè ní pH ni wọ́n ń wá. Bó bá wà láàárín 5.2 sí 5.6, sítáàṣì inú ọkà á di ṣúgà wọ́ọ́rọ́wọ́. Sørensen, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé ìpọntí Carlsberg ní Dẹ́ńmáàkì, ló gbé ìwọ̀n yìí jáde ní 1909. Ilé ọtí ló bí i. Kí àwọn tí kì í mutí tó ń fi wọn ilẹ̀ oko má bínú.

Ìyá kan tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ajue kọ̀wé sí wa pé ahọ́n ọkọ òun ni mítà òun: ó ń tọ́ ọ wò látàárọ̀, kò sì tíì dárúkọ iye kankan. Ọkọ náà gbọ́n. Ọjọ́ tó bá dárúkọ iye, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ahọ́n mọ kíkan, kò mọ 5.3 yàtọ̀ sí 5.8. Kí ìyá náà bu ife tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, kó sì kọ ọ́ mọ́ àdánù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ọ̀rẹ̀ ra mítà, ó rì í bọ inú ìkòkò gbígbóná, ó wá ń béèrè ohun tó pa á. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Gíláàsì ẹnu mítà kì í pẹ́ nínú ooru. Bí wọ́n bá ti pò ó tó ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí wọ́n rò ó dé ìdí ìkòkò, torí omi ojú kì í sọ ti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n bu ṣíbí méjì sínú abọ́ irin pẹlẹbẹ, kí wọ́n gbé e lé omi tútù títí á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 25°C. Mítà tó ní òun ń ṣàtúnṣe fún ooru, ara rẹ̀ ló ń tún ṣe, kì í ṣe ọkà. Ní 65°C, pH máa ń fi nǹkan bí 0.2 sí 0.3 rẹlẹ̀ ju ti ìgbà tó bá tutù lọ, ti tútù sì ni 5.2 sí 5.6 yẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ìdíwọ̀n pH 7 àti pH 4 tọ́ mítà. Ohun tí wọ́n bù, kí wọ́n dà á nù. Ahun nìkan ló ń dá a padà.



Lẹ́tà kan kò ṣe é fi ṣeré. Ẹni tó ń ta ògógóró ló kọ ọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mítà yìí lè fi ọtí tó léwu hàn. Kò lè fi hàn. Methanol, májèlé inú ọtí tó léwu, kì í yí pH padà, ahọ́n kì í sì í dá a mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orí fífọ́ àti ojú tó ń ṣú ló kọ́kọ́ mú wọn. Àwọn kan rò pé àrùn àjèjì ni, kí àyẹ̀wò tó tú àṣírí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú lẹ́yìn ọtí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó má dúró di ọ̀la. Ògógóró tí ẹni tó ń tà á kò mọ ibi tó ti wá, kó dà á nù, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìyàwó ilé kan ló kẹ́yìn: ṣé òun lè fi mítà wò ó bóyá ògì ìyá ọkọ òun ti kan jù? Ó lè ṣe é. Kí ó fọ gíláàsì náà mọ́, kí ó dá a padà sínú omi potassium chloride rẹ̀, torí omi lásán máa ń bà á jẹ́. Iye tó bá rí, kí ìyá ọkọ má gbọ́.