Ẹ Bi Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ẹ má bi ẹni tó ra áńpílífáyà léèrè bó ṣe ń dún o. Ta ló máa kó owó ara rẹ̀ lé nǹkan, tí yóò tún fẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́? Èmi tí mo bá wọn pín ògiri ni kẹ́ ẹ bi. Yàrá mi ló wà láàárín nínú ilé wa ní Mọ́kọ́lá yìí: Bàbá Ìbejì lọ́tùn-ún, Fọkanáísà lósì, Lándílọ́ọ̀dù lórí mi gan-an. Ògiri kì í ṣègbè. Béèsì ló máa ń jẹ́ kó kọjá. Ohùn tín-ín-rín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló ń parí sí. Bẹ́ ẹ bá wá rí i pé mo mọ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ, ẹ má bi mí pé báwo. Ilẹ̀kùn wọn ló ṣí.

Fọkanáísà ló ń pariwo jù, ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tuntun ló rà, iná rẹ̀ ń tàn pupa, ó ń tàn búlúù, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: PMPO 3000W. Ó kó gbogbo wa jọ ká wá kà á. Áyọ́ọ̀nù tèmi, wáàtì 1000 péré ló ń jẹ, bí mo bá sì kì í bọ iná jẹnẹrétọ̀ áì-bẹ́tà-páàsì ilé wa, jẹnẹrétọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀, gbogbo ilé á máa ṣépè fún mi. Àmọ́ wáàtì 3000 Fọkanáísà ń kọrin lórí jẹnẹrétọ̀ kan náà, kò tiẹ̀ wúkọ́. Níbo ló ti ń rí i jẹ? PMPO yẹn, kò sí òfin tó dè é. Iye tó bá wu ẹni tó tẹ páálí ló ń kọ. RMS ni kéèyàn máa wò, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró. Mo sọ fún un, ó ní ìlara ń ṣe mí. Kò pẹ́ tó fi yí i dé ìdí, sípíkà kéékèèké méjèèjì jó. Áńpílífáyà tí agbára rẹ̀ ti tán tó ṣì ń jágbe, òun ló ń pa wọ́n.

Ti Bàbá Ìbejì wá ńkọ́? NAD 3020 ni, àbúrò wọn ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1978 ni irú rẹ̀ jáde, ọmọ Nọ́wè kan, Erik Edvardsen, ló ṣètò inú rẹ̀, olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ṣe é fún. Wáàtì 20 lápá kan, ó tán. Iná kéékèèké márùn-ún wà níwájú rẹ̀ tó ń fi wáàtì tó ń jáde hàn. Mo lọ tọrọ iyọ̀ lọ́jọ́ kan (iyọ̀ mi ò tíì tán), orin Hárúnà Ìṣọ̀lá ń lọ lọ́wọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ látòkèdélẹ̀ ń gbè é, iná ti wáàtì 1 nìkan ló ń ṣẹ́jú! Kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó kúrò ní 20 bọ́ sí 40, àpò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Kò ṣàìlábùkù o. Wọ́n gbé e sábẹ́ kánópì níjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo iná tàn tán, ìdí ọbẹ̀ ni mo jókòó sí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà kan tún wà tó yadi pátápátá. Atúnrédíòṣe ní transistor ló jó, ó dá owó tó tó owó ilé lé wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn ní irin kéékèèké méjì tó so apá ìṣàkóso pọ̀ mọ́ apá tó ń ti sípíkà. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, orin ò lè kọjá. Ọmọ-ọmọ wọn ti yọ wọ́n, ó fi ṣe yẹtí bèbí. Ta ló rí i létí bèbí? Èmi náà ni. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Lándílọ́ọ̀dù gbọ́ bí a ṣe ń yin ẹ̀rọ Bàbá Ìbejì, àyà wọn kò balẹ̀. Wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ láti Jàpáànù, fàdákà gbọ̀ọ̀rọ̀, géńdé méjì ló gbé e gòkè. Wọ́n ti kọ 100V sẹ́yìn rẹ̀, torí bí iná wọn ṣe rí nìyẹn lọ́hùn-ún; ti Amẹ́ríkà 120, tiwa 230. Láìsí sítẹ́pù-dáùn tó ń dín iná kù, wọ́n kì í bọ ògiri. Èéfín! Wọ́n ní àwọn oníná ló gbé iná ńlá wá. Iná wo? Jẹnẹrétọ̀ la tàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo dá owó epo tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé, ọmọ Bàbá Ìbejì, gan-an ni mo fẹ́ sọ. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi áńpílífáyà kékeré kan ta Bàbá lọ́rẹ, kò ju agolo sàdíìnì lọ, kì í gbóná, fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá so ṣéńjà tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin mọ́ ọn, agídìgbo Hárúnà di ti ẹ̀fọn. Iná tó ń ti ara abẹ́rẹ́ ṣéńjà bọ̀ kéré jọjọ, wọ́n sì máa ń dín béèsì kù nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ orin sára àwo kí ojú ìlà má fẹ̀ jù. Ẹnu ihò tí wọ́n ń pè ní fónò ló máa ń gbé ìyẹn sókè tó sì ń dá béèsì padà. Kékeré yìí kò ní in. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ti ọmọ yìí kò ní fónò."

Mo kàn dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Alákàrà ni o. Kó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń káàánú Kẹ́hìndé pé ọkọ tó fẹ́ fẹ́ kò pé. Ìyá ọmọkùnrin náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá jà. Ọmọ ọ̀hún wá lọ ra àpótí fónò kékeré lọ́tọ̀, ó so ó sáàárín, béèsì dé, Bàbá ní kò burú.

Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána. Kẹ́hìndé fi ìwé ẹrù hàn mí: iṣu, oyin, orógbó, àpótí aṣọ, bó ṣe yẹ kó rí. Nísàlẹ̀ pátápátá, lọ́wọ́ Bàbá fúnra wọn: abẹ́rẹ́ ṣéńjà kan, tuntun, inú páálí ni kó wà.