Ta Ló Rán Ọ Ní “Must”?

Àpò lẹ́tà Àǹtí Gírámà kún fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀ràn kan náà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ dandan ti kó sí wàhálà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan n’Íbàdàn ló ṣíwájú. Ó kọ ìméèlì sí ọ̀gá rẹ̀ pé, “Sir, you must approve my leave before Friday.” Láti ọjọ́ náà, bó bá kí ọ̀gá, ògiri ni ọ̀gá ń wò. Àǹtí ní kò yani lẹ́nu. Ẹni tó bá lo “must” báyìí ń pàṣẹ láti ẹnu ara rẹ̀, ta ló sì fi ọmọ iṣẹ́ jẹ ọ̀gá lórí ọ̀gá? “I have to travel on Friday” ìbá sàn, torí “have to” sábà máa ń fi hàn pé nǹkan mìíràn ló ń lé èèyàn, kì í ṣe oríkunkun. Ẹ̀bẹ̀ gan-an ni “I would be grateful if you could approve my leave.” Ó gùn, àmọ́ ta ló ń dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì? Bí ọ̀gá kò bá tún dáhùn, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ ìméèlì rẹ̀ jáde, kí ó fi ẹran ìgbẹ́ tì í lẹ́yìn.

Ti ìyàwó kan ní London ló pa Àǹtí lẹ́rìn-ín jù. Òyìnbó ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ ń bọ̀ wá bá wọn ṣe Kérésì, ìyàwó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: “You must not bring anything.” Ó rò pé òun ń gba màmá lọ́wọ́ ìnáwó ni. Màmá dé lọ́wọ́ òfo, ó sì fa ojú ro títí wọ́n fi jẹun tán.

Láìsí “not”, ìyàtọ̀ àárín “must” àti “have to” kò fi bẹ́ẹ̀ jìn. Gbàrà tí “not” bá wọlé, wọ́n pínyà. “You must not” jẹ́ èèwọ̀. “You don’t have to” ń sọ pé bó bá wù yín, ẹ ṣe é, bí kò bá wù yín, ẹ fi sílẹ̀. Kí ìyàwó má sì sọ pé Yorùbá ló ṣi òun lọ́nà: ta ni í sọ fún ìyá ọkọ pé “ẹ ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan wá” nígbà tí “kò pọn dandan” wà nílẹ̀?

Síbẹ̀, òyìnbó kan náà a máa fi “must” ṣàlejò. “You must try this” lórí tábìlì oúnjẹ, ìfẹ́ ni. Ìmọ̀ràn Àǹtí: kí ìyàwó pe màmá padà, kí ó gbé jọ̀lọ́ọ̀fù tí ata rẹ̀ pé síwájú rẹ̀, kí ó ní, “You must try my jollof!” Omijé yóò fọ ọ̀rọ̀ Kérésì lọ. Bó bá sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ó rántí pé “must” kò ní àná, “had to” ló ń bá a ṣe é: “I had to add more pepper.”

Awakọ̀ kan tó ń múra ìdánwò ní Peckham béèrè bóyá òun lè fojú fo gbogbo “should” inú Highway Code, ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Britain. Ìwé náà ti wà láti 1931. Níbi tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà ńlá kọ “MUST”, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni “should”, àmọ́ bí awakọ̀ kò bá tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ lè fi ṣe ẹ̀rí. Àǹtí ní kí ó fojú fò ó nígbà tí mọ́tò bá dúró, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ayálégbé kan ní tirẹ̀ ti sọ fún láńlọ́ọ̀dù pé “The tenant shall pay” kò ju ọjọ́ iwájú lọ, wọn kò sì dá ọjọ́. Irọ́ ńlá! “Must” tó wọ aṣọ lọ́yà ni “shall” inú àdéhùn. Òun náà ló kún inú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Òótọ́ ni pé ó máa ń rú àwọn amòfin pàápàá lójú: nígbà tí Amẹ́ríkà tún ìlànà ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn kọ ní 2007, wọ́n yọ “shall” kúrò, “must” ló sì gba ipò rẹ̀ níbi púpọ̀. Láńlọ́ọ̀dù kò tíì gbọ́. Kí ayálégbé sanwó, kí ó máa ti inú yàrá jiyàn gírámà.

Ọkọ kan ló kẹ́yìn. Ó sọ fún aya rẹ̀ pé, “You’d better be home by six,” agogo mẹ́fà lù, aya dé, kò sì dáná. “Had better” máa ń ní ìhàlẹ̀ lábẹ́, Àǹtí ní aya gbọ́ ọ dáadáa. Gbólóhùn tó kù fún ọkọ ni “I’d better cook.” Ẹ̀gúsí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.