Òkun Kò Sí Nílé

Nígbà ooru, àwọn ìjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù a máa háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Southend, kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù á wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo òkun. Òkun wo? Ẹnu odò Thames ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lomi rẹ̀ ń fà, tó ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kò ríbi gúnlẹ̀, ni wọ́n ṣe na afárá tó gùn tó kìlómítà 2.16 síbẹ̀. Èèyàn lè ti Peckham lọ kí òkun, kó má bá a nílé. Kí ló wá ń fà wọ́n, bí kì í bá ṣe ẹja àti pòtétò díndín, àti súìtì tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí nínú?

Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, ìlú Àpòmù àti Ìkirè nílẹ̀ Yorùbá náà tó du oyè ibi ìgbafẹ́. Dòdò Ìkirè dúdú, ó lépo, ó sì ta lẹ́nu. Ẹ ó ní wọn ò lókun. Wọn ò kúkú purọ́ pé àwọn ní in. Ẹ ó ní èrò tó ń lọ sí Ifẹ̀ kàn ń kọjá níbẹ̀ ni. Ṣé bọ́ọ̀sì ìjọ ń sùn sí Southend ni? Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé ìjà ataare lọ́jà Àpòmù ló bẹ́ sílẹ̀ tó fi dogun tó fọ́ ìlú Òwu. A ò tíì gbọ́ ìlú tó fọ́ nítorí pòtétò.