Ariwo Òjò Dídì ní Lokongoma

Ojú ń ti akọ̀wé yín débi pé kò lè pe ara rẹ̀ ní "èmi". "Ó" la ó máa pè é títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí, kó lè jọ pé ẹlòmíràn ló ṣubú. Ẹlòmíràn náà ń gbé Lọ́kọ́jà, ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé kan ní Lokongoma, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà, fẹ́ ṣe ayẹyẹ Kérésìmesì, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré á sì ṣe eré kan tí òjò dídì ń rọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà, ọmọ Ìjùmú tó máa ń kí èèyàn ní "Ọ̀kun o" láti ẹnu géètì, ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù pé kó wá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí òjò dídì ṣe ń rí. Bọ̀dá lọ. Ó sọ bó ṣe funfun tó, ó sọ bó ṣe tutù tó. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Ùnkù, báwo ló ṣe máa ń dún?"

Ó ní kì í dún.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òjò wo ni kì í dún? Ọmọ tó ń gbé abẹ́ páànù ní Lọ́kọ́jà, etí ló fi ń mọ òjò kí ojú rẹ̀ tó rí i. Bó bá ti balẹ̀ lórí òrùlé, tíṣà á gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ mọ́. Tí yìnyín bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, àwọn ọmọ á ti sá jáde lọ ṣa á jẹ.

Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ fún wọn o. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí òtútù láti ìhà Rọ́ṣíà bo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé yín jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Peckham, ó sì rò pé etí òun ti di. Kò gbọ́ bọ́ọ̀sì, kò gbọ́ ẹsẹ̀ èrò. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn ègé rẹ̀ onígun mẹ́fà kì í lẹ̀ mọ́ra tímọ́tímọ́, àlàfo wẹ́wẹ́ máa ń wà láàárín wọn, ohùn tó bá sì wọ inú àlàfo yẹn, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ìgbà tó bá yọ́ díẹ̀ tó tún dì, tí ojú rẹ̀ le, ni ariwo ìgboro máa ń padà. Nígbà tó yá lọ́jọ́ náà ni àwọn ọmọdé tú jáde, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti tì. Ẹsẹ̀ wọn ń dún rùmù-rùmù, torí yìnyín kéékèèké ló ń fọ́ lábẹ́ bàtà. Ìyá kan sì yọrí lójú fèrèsé òkè, ó fi Yorùbá pariwo pé: "Wọ ìbọ̀wọ́ ẹ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹ!"

Ká ní ó sọ èyí fún àwọn ọmọ tó sì lọ sílé ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín. Ó bá ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ ayẹyẹ, òun á rọ òjò dídì fún wọn, wọ́n á sì fi etí ara wọn gbọ́ pé kì í dún.

Ó kàwé, kí ẹ má rò pé kò kàwé. Ó kà nípa Ukichiro Nakaya, onímọ̀ ará Japan tó jẹ́ pé lọ́dún 1936, ní Hokkaido, orí irun ehoro ló ti mú ègé òjò dídì hù nínú yàrá olótútù. Ó kà nípa àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà àti rọ́bà omi ọgbà ṣe òjò dídì lọ́dún 1950. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Felele, rọ́bà omi sì ń bẹ nílé. Òtútù nìkan ló kù. Omi tí wọ́n bá fọ́n gbọ́dọ̀ dì kó tó kanlẹ̀, Lọ́kọ́jà yìí sì rèé, nínú kòtò tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, tí òkè yí i ká, tí ooru kì í rí ọ̀nà jáde.

Ó wá kù sọ́dọ̀ ọṣẹ.

Òjò dídì tí wọ́n ń rọ̀ níbi àríyá, ìfófó ọṣẹ lásán ni. Ẹ ó wá ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn gidi, irú búlówà tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń lé eruku. Ẹ ó fa ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, ẹ ó sì jẹ́ kí omi ọṣẹ máa ro sórí ìbọ̀sẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn á gba ojú ihò aṣọ jáde, á sọ ọṣẹ di ìfófó wẹ́wẹ́, ìfófó á sì já, á máa fò lọ. Ìwọ̀n ọṣẹ ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Tí ó bá kéré, omi lásán ni yóò máa ro. Tí ó bá pọ̀ jù, ẹ máa rí i níwájú.

Ó ra kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ olómi kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń sè é ní Adankolo. Ó dán an wò lẹ́yìnkùlé, ìfófó jáde, ó fò díẹ̀, ó pòórá kó tó kanlẹ̀. Ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, láti ibi bíi Bodélé ní Chad, ti gbẹ débi pé gbogbo omi tó bá rí ló máa ń fà mu. Akọ̀wé yín bá fi ọṣẹ kún un. Ó tún fi kún un. Nígbà tí ìfófó náà wá kanlẹ̀ láìpòórá, inú rẹ̀ dùn, ó wọlé lọ sùn.

Ohun tí kò rò rèé: ìta gbangba ló ti dán an wò. Inú gbọ̀ngàn ni ayẹyẹ máa wáyé, wọ́n á ti ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku, òbí àti ọmọ á kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n á máa mí, wọ́n á máa làágùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ní í gbẹ rárá.

Lọ́jọ́ náà, ó wọ kóòtù òtútù tó gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ó fi òwú ṣe irùngbọ̀n, òógùn sì ń ṣàn dé inú bàtà rẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn torí wáyà kò gùn. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ni wọ́n fi ṣe asọ̀tàn. Ó di máíkì mú, ó ní, "Òjò dídì ń rọ̀, gbogbo ayé dákẹ́ rọ́rọ́." Akọ̀wé yín tẹ búlówà.

Búlówà náà ké bí ẹ̀rọ ata. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọmọ náà tún un sọ, ó pariwo rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ: "Gbogbo ayé dákẹ́ rọ́rọ́!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dára o! Ìfófó wẹ́wẹ́ ń bọ̀ sórí àwọn ọmọ, wọ́n ń fò, wọ́n ń fi ahọ́n gbà á títí ẹnìkan fi tọ́ ọ wò tó sì tutọ́. Ooru bá mú ẹnìkan, ó tan fáànù òkè. Eruku ọyẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ lórí fáànù láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò dídì di aláwọ̀ amọ̀. Ọṣẹ tó pọ̀ jù wá ṣiṣẹ́ rẹ̀: kò jáde ní wẹ́wẹ́ mọ́, ó ń jáde ní òkìtì. Àwọn áńgẹ́lì ń nu ojú. Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ àgùntàn ń sunkún pé ojú ń ta òun.

Akọ̀wé yín sáré kó lọ pa ẹ̀rọ. Táìlì, ọṣẹ, bàtà Lọ́ńdọ̀nù. Ó yọ̀, bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ há mọ́ wáyà, búlówà yí padà, ó kọjú sí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wọ agbádá funfun. Ó ṣì funfun lẹ́yìn náà, ọ̀tọ̀ ni funfun ọ̀hún. Olóúnjẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúlà ìrẹsì ni. Akọ̀wé yín fi ìdí wọ́ kọjá níwájú gbogbo wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ dé orí, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, wáyà já kúrò lára iná, ẹnìkan sì sáré pa jẹnẹrétọ̀.

Gbogbo ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà ti sọ̀rọ̀ láìlo máíkì:

"Ùnkù, ẹ ní kì í dún!"

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Fóònù yọ láti gbogbo apá, wọ́n ń ya fídíò, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Èyí dùn ún. Ohun tó sì tún dùn ún jù ni pé ta ló tiẹ̀ ní kí eré Kérésìmesì Lọ́kọ́jà ní òjò dídì? Hòtẹ́ẹ̀lì á lẹ òwú mọ́ igi nínú ooru, ìwé ọmọdé á ya ọkùnrin oníyìnyín, ọmọ tó ń kà á sì ti fi fasilíìnì ra ètè tí ọyẹ́ là. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọyẹ́ ti bo Òkè Patti, òkè tó ga ju mítà 400 lọ, èèyàn kò rí i láti ìgboro, kò sì sí ìlà kan nípa rẹ̀ nínú eré. Tó bá jẹ́ òjò dídì ni wọ́n fẹ́ dandan, Aïn Séfra ní Algeria wà ńbẹ̀. Òjò dídì rọ̀ sórí iyanrìn Sahara níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016, ó tún rọ̀ ní oṣù Kìíní 2018. Ẹ fi ìyẹn ṣeré!

Wọ́n da omi sílẹ̀ láti fọ gbọ̀ngàn, ọṣẹ tún hó sí i. Olóúnjẹ, tí ìrẹsì rẹ̀ ń dà á láàmú, ló ṣí fèrèsé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ wọlé, ìfófó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ títí eruku nìkan fi kù nílẹ̀.

Alága kò tíì dáhùn ìkíni akọ̀wé yín láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ùnkù Ọlọ́ṣẹ. Obìnrin Adankolo ní tirẹ̀ ti rí fídíò náà gbà, ó ń fi han àwọn oníbàárà, ó ń ní, "Ẹ wo bó ṣe ń hó, ẹ wo agbádá yẹn." Ó ti fi owó lé kẹ́ẹ̀gì kan.